All-in-One Tó Ti Ń Falẹ̀: Ìgbà Tó Yẹ Kí Wọ́n Fi Kún Agbára Rẹ̀, àti Ìgbà Tó Yẹ Kí Wọ́n Fi Í Sílẹ̀

Ní Itele, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ Ado-Odo/Ota ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti fara kan Ayobo ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò fẹ̀ ju ibi tí tábìlì méjì gbà lọ. Orí ọ̀kan nínú méjèèjì ni oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ti ń tẹ lẹ́tà, ibẹ̀ náà ló ti ń forúkọ àwọn ọmọ ilé ìwé sílẹ̀ fún ìdánwò, ibẹ̀ ló sì ti ń tẹ ìwé ìpè ìnáwó tí wọ́n fẹ́ lò lópin ọ̀sẹ̀. Kọ̀ǹpútà All-in-One bá irú ibẹ̀ mu. Skírìnì àti ọpọlọ ẹ̀rọ wà nínú ara kan náà, wáyà iná rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, kò sì sí àpótí lábẹ́ tábìlì tí oníbàárà máa fẹsẹ̀ gbá. Ilé ìwé aládàáni, ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn akọ̀wé ilé iṣẹ́ ní Sàńgó-Ọ̀tà náà rí àǹfààní yìí lára rẹ̀.

Bí ọdún mélòó kan bá ti kọjá, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Wọ́n á tàn án, oníbàárà á dúró títí, á sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹnjiníà kan á ní kí wọ́n fi RAM, ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, kún un. Òmíràn á ní kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi owó díẹ̀ lé e, kí wọ́n ra tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Olóòótọ́ ni àwọn méjèèjì lè jẹ́, síbẹ̀ kí ìmọ̀ràn wọn má bá ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ mu, nítorí pé ohun tó ṣeé yọ nínú All-in-One kan lè jẹ́ ohun tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù nínú òmíràn.

Ìlànà kan ṣoṣo ni àpilẹ̀kọ yìí dúró lé: kí owó lọ sórí ohun tó ṣeé yọ. SSD, ibi ìpamọ́ fáìlì, àti RAM tó ṣeé yọ lè bá olówó wọn lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn lọ́jọ́ tí skírìnì bá fọ́ tàbí tí bọ́ọ̀dù bá jó. Owó tí wọ́n bá ná sórí skírìnì, bọ́ọ̀dù tàbí pírósẹ́sọ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá kú ni òun náà kú.

Ìdí tí àyè fi há nínú rẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Apple gbé Macintosh àkọ́kọ́ jáde lóṣù Kìíní ọdún 1984, inú àpótí kan náà ni skírìnì àti ẹ̀rọ wà. RAM rẹ̀ jẹ́ 128 KB, wọ́n sì ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Apple ti gbé irú rẹ̀ tó ní 512 KB jáde. Ẹni tó ti ra ti àkọ́kọ́, tó sì fẹ́ dé ipò kejì lọ́nà tí Apple fọwọ́ sí, odindi bọ́ọ̀dù ló ní láti pààrọ̀.

Ìlà yẹn náà ni iMac tẹ̀ lé láti 1998 tó ti jáde, àmọ́ kò rí bákan náà lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ iMac oní-ínṣì 27 tó jáde láàárín 2012 sí 2020 ní ilẹ̀kùn kékeré lẹ́yìn tí wọ́n lè gbà fi RAM kún un láìtú ohunkóhun mìíràn. Bọ́tìnnì tó ń ṣí i fara pamọ́ sínú ihò tí wáyà iná ń wọ̀. Oní-ínṣì 21.5 ti ìparí 2015 kò ní ilẹ̀kùn kankan, RAM rẹ̀ sì ti jó mọ́ bọ́ọ̀dù. Nígbà tí oní-ínṣì 24 tó ń lo M1 fi máa dé lọ́dún 2021, RAM ti wọ inú ara chip fúnra rẹ̀, ibi ìpamọ́ sì ti jó mọ́ bọ́ọ̀dù. Iye tí wọ́n bá yàn lọ́jọ́ tí wọ́n rà á ni wọn yóò máa lò títí.

Ti HP, Dell àti Lenovo rọ̀ díẹ̀ ju èyí lọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ohun èlò láptọ́ọ̀pù tí wọ́n tò sẹ́yìn skírìnì ńlá: RAM kékeré tí wọ́n ń pè ní SODIMM, háàdì dísíkì oní-ínṣì 2.5, àti ṣájà tó wà níta tó ń gbé iná volt 19 tàbí 19.5 wọlé. Ìròyìn ayọ̀ lèyí jẹ́ fún ẹni tó wà ní Itele, nítorí pé ohun èlò láptọ́ọ̀pù pọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ohun tó ṣòro ni skírìnì àti bọ́ọ̀dù. Wọ́n gé wọn bá ara módẹ́ẹ̀lì kan ni, ihò súkúrù wọn àti wáyà wọn kì í sábà bá ti módẹ́ẹ̀lì mìíràn mu, kódà bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì.

Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dá a dúró

Kí ẹnikẹ́ni tó yọ owó, àyẹ̀wò ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan wà tí kò ná ẹnì kankan ní kọ́bọ̀. Lórí Windows 10 tàbí 11, wọ́n á tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, wọ́n á sì lọ sí Performance. Àárín iṣẹ́ ni kí wọ́n ti ṣe é, nígbà tí wọ́n ṣí Word, tí wọ́n ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì mélòó kan, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó jókòó láìṣe nǹkan kan kì í sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀.

Bí Disk bá lẹ̀ mọ́ 100% tí kò sọ̀ kalẹ̀, háàdì dísíkì ló ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Bí Memory bá ń wà lókè 85% nígbà gbogbo, RAM kò tó. Bí CPU bá wà ní 100% láìsọ̀kalẹ̀, ó lè jẹ́ pé pírósẹ́sọ̀ kò lágbára tó, ó lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, ó sì lè jẹ́ ooru, torí pé pírósẹ́sọ̀ tó bá gbóná jù máa ń dín eré ara rẹ̀ kù. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà nílẹ̀ tí ojú ìwé kò sì ṣí, kí wọ́n lọ wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò sí RAM tó lè mú kí pọ́tà ìforúkọsílẹ̀ tó kún àkúnya yára.

Ojú ìwé Memory yẹn tún ń sọ ohun pàtàkì kan: iye ihò RAM tó wà àti iye tí wọ́n ti lò. Bó bá kọ “1 of 2”, ihò kan ṣì ṣófo. Kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Kí wọ́n tún lo CrystalDiskInfo, ètò ọ̀fẹ́ tó ń sọ ìlera háàdì dísíkì àti iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Bó bá kọ Caution tàbí Bad, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti yíyára. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí wọ́n da fáìlì wọn sórí nǹkan mìíràn.

SSD ló máa ń kọ́kọ́ yẹ

Nínú háàdì dísíkì, àwo kan ń yí, apá tín-ín-rín kan sì ń sáré lórí rẹ̀ láti wá ohun tí wọ́n béèrè. Nígbà tí Windows bá ń ṣí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló ń pè, apá yẹn á sì máa lọ, á máa bọ̀. Ìrìn kọ̀ọ̀kan ń gbà tó nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. SSD kò ní ohun tó ń yí, kò sì ní apá tó ń rìn. Ìdáhùn rẹ̀ yára tó nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti háàdì dísíkì. Tó bá kan gbígbé fáìlì ńlá, háàdì dísíkì sábà máa ń gbé nǹkan bíi 100 sí 150 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD oní-SATA ń gbé tó 500, SSD oní-NVMe sì ń kọjá 2,000. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ ọdún mẹ́jọ fi lè dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ nǹkan kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Kí wọ́n wo irú àyè tó wà kí wọ́n tó lọ sọ́jà. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ oní-ínṣì 2.5, SSD oní-SATA á bọ́ sáyè rẹ̀ láìsí wàhálà. Bó bá jẹ́ oní-ínṣì 3.5, wọ́n á nílò férémù kékeré kan láti gbé e ró. Bí bọ́ọ̀dù bá ní ihò M.2, ìwé módẹ́ẹ̀lì ni kí wọ́n fi mọ̀ bóyá NVMe ló ń gbà tàbí SATA, nítorí pé àwọn méjèèjì jọra lójú, ihò tó sì gba ọ̀kan lè má dá èkejì mọ̀. iMac ti 2009 sí 2011 ní ti wọn ń ka ooru háàdì dísíkì lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ láìbójú tó sẹ́ńsọ̀ yẹn, fáànù á máa ké tagbáratagbára láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì Windows kì í sábà jẹ́ ìdènà. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó bá Windows 10 tàbí 11 wá, bọ́ọ̀dù ni wọ́n so láísẹ́ǹsì mọ́. Bí wọ́n bá pààrọ̀ háàdì dísíkì, tí wọ́n sì tún fi irú Windows kan náà sí i, á dá ara rẹ̀ mọ̀ bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lè fi Clonezilla, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, da gbogbo ohun tó wà lórí ti àtijọ́ sórí tuntun.

Ayédèrú wà lọ́jà, ó sì yẹ kí wọ́n bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn SSD kan wà tí ara wọn kọ 1TB, tí inú wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Wọ́n á gba fáìlì, wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ hàn, fáìlì náà kò sì ní ṣí mọ́. Ètò H2testw máa ń kún inú rẹ̀ dẹ́nu, á sì kà á padà láti fi mọ òótọ́. Ó ń gba àkókò, nítorí náà kí wọ́n bá olùtajà ṣàdéhùn pé wọn yóò gbà á padà láàárín ọjọ́ mélòó kan bí kò bá yege, kí àdéhùn náà sì wà lórí rìsíìtì.

RAM: kí ó tó, kí ó sì bá a mu

4 GB ni Windows 11 béèrè fún bí ohun tó kéré jù. Ẹni tó ń fi 4 GB ṣiṣẹ́ gan-an mọ̀ pé ara ẹ̀rọ kì í balẹ̀ lórí rẹ̀. Fún títẹ̀wé, àkọsílẹ̀ owó àti íntánẹ́ẹ̀tì, 8 GB tó. Fún ẹni tó ń fi CorelDRAW tàbí Photoshop ṣe bánà àti káàdì ìpè, 16 GB ló yẹ. Púpọ̀ nínú All-in-One kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀; inú RAM yẹn kan náà ni àwòrán ti ń mú ìpín tirẹ̀.

Kí wọ́n wo iye bit ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Bí ojú ìwé System bá kọ 32-bit, Windows yẹn kò lè lo ju 4 GB lọ, bí wọ́n tilẹ̀ fi 16 sí i. Láti fi 64-bit sí i ni iṣẹ́ àkọ́kọ́.

RAM kì í gba ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Irú ti láptọ́ọ̀pù tó jẹ́ DDR3 ní ẹsẹ̀ 204, DDR4 ní 260, DDR5 ní 262, ibi tí wọ́n gé sí lára kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ wà láàárín DDR3 àti DDR3L, tí ihò wọn jẹ́ ọ̀kan náà: volt 1.5 ni ti àkọ́kọ́, 1.35 ni ti èkejì. Ara wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí, PC3 fún ọ̀kan, PC3L fún èkejì. Ọ̀nà tó dára jù ni kí wọ́n yọ èyí tó wà nínú ẹ̀rọ, kí wọ́n gbé òun gan-an lọ sọ́jà. Méjì tó dọ́gba máa ń ṣiṣẹ́ ju ẹyọ kan tó tóbi lọ, nítorí pé pírósẹ́sọ̀ á máa gba ojú ọ̀nà méjì bá wọn sọ̀rọ̀.

RAM tòkunbọ̀ kò léwu tó SSD tòkunbọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sórí SSD ni ó ń gbó sí i. RAM kì í gbó bẹ́ẹ̀. Ètò MemTest86 á fi hàn láàárín wákàtí mélòó kan bóyá ó pé. Ìyẹn ṣe pàtàkì nísinsìnyí, nítorí pé láti ìparí 2025 ni owó RAM ti ń gòkè káàkiri àgbáyé, bí àwọn ilé iṣẹ́ AI ti ń gba chip mọ́ gbogbo ayé lọ́wọ́. Lóṣù Kejìlá 2025, Micron kéde pé òun yóò ṣíwọ́ títa Crucial, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà mọ̀ lára RAM àti SSD.

Ìran pírósẹ́sọ̀ ló ń sọ iye ọdún tó kù

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Ètò àfikún ààbò wà fún àwọn onílé títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 2026. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè ohun ààbò TPM 2.0 àti Secure Boot, pẹ̀lú pírósẹ́sọ̀ Intel ìran kẹjọ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda. Lára AMD, Ryzen 2000 ló ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ.

Kíka ìran kò le. Lórí i5-4570T, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì dáàṣì jẹ́ 4: ìran kẹrin nìyẹn. i5-8500T jẹ́ ìran kẹjọ, i5-10400T jẹ́ ìran kẹwàá. T tó gbẹ̀yìn ń sọ pé kì í jẹ iná púpọ̀, nǹkan bíi watt 35. Bó bá jẹ́ U ló gbẹ̀yìn, tàbí tó jẹ́ Celeron tó ní J tàbí N, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣeé pààrọ̀ rárá. Èyí tó ní T ṣeé yọ nígbà mìíràn, àmọ́ fáànù àti ṣájà tí wọ́n wọ̀n fún un kì í fàyè gba èyí tó lágbára jù ú lọ. Kí wọ́n má náwó síbẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò dé ìran kẹjọ kò tíì pàdánù. Linux Mint àti ChromeOS Flex jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì ń gba ìmúdójúìwọ̀n ààbò. Fún títẹ lẹ́tà, ìwé èsì ìdánwò ọmọ ilé ìwé àti íntánẹ́ẹ̀tì, Mint pẹ̀lú LibreOffice tó. Àmọ́ ọ́fíìsì tó ń fi Peachtree ṣe àkọsílẹ̀ owó, tàbí ilé ìtẹ̀wé tó ń lo CorelDRAW, kò lè kúrò lórí Windows. Irú wọn ni kó ka ìran pírósẹ́sọ̀ sí ìdájọ́. Ọ̀nà ẹ̀bùrú wà láti fi Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò yẹ, ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ pé òun kò ṣèlérí ìmúdójúìwọ̀n fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí owó ilé iṣẹ́ tàbí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ wà lórí rẹ̀.

Iná, eruku àti ooru

Ọ̀pọ̀ All-in-One kò ní bátìrì bíi ti láptọ́ọ̀pù. Bí iná bá lọ, lẹ́tà tí wọn kò tíì fi pamọ́ bá a lọ, háàdì dísíkì tó ń yí lọ́wọ́ sì lè fara gbọgbẹ́. SSD fara da àlọ-àbọ̀ iná ju háàdì dísíkì lọ, síbẹ̀ fáìlì tó ṣí lọ́wọ́ ṣì lè bàjẹ́ lórí rẹ̀. Nítorí náà kí UPS kékeré wà nínú ìṣirò àtúnṣe. UPS 650VA á gbé ọ̀pọ̀ All-in-One fún ìṣẹ́jú mélòó kan, èyí sì tó láti fi iṣẹ́ pamọ́ kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀.

Lábala iná, ẹ̀rọ yìí ní àǹfààní tó yẹ kí wọ́n kà mọ́ ọn kí wọ́n tó tà á. Ká ní ó ń jẹ watt 65 lójú iṣẹ́: wákàtí mẹ́jọ jẹ́ yúníìtì 0.52. Kọ̀ǹpútà alápòótí àti skírìnì rẹ̀, tó bá ń jẹ watt 150, á jẹ yúníìtì 1.2 láàárín àkókò kan náà. Nígbà tí NERC, àjọ tó ń darí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó Band A dé náírà 225 fún yúníìtì kan lóṣù Kẹrin 2024, ìyàtọ̀ náà jẹ́ náírà 117 sí náírà 270 lóòjọ́. Iye yẹn ti ń yí láti ìgbà náà, àmọ́ iye yúníìtì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ kò yí. Lórí ìnfátà, ó túmọ̀ sí pé bátìrì kan náà á gbé e fún àkókò tó ju ìlọ́po méjì lọ.

Kí wọ́n wo ara ṣájà tòkunbọ̀ kí wọ́n tó ki í bọ iná. Bó bá kọ INPUT 100–240V, kò sí ewu. Bó bá jẹ́ 110V tàbí 120V nìkan, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Iná 230V ti Nàìjíríà á jó o.

Eruku náà ń pa ẹ̀rọ yìí. Ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà àti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wọ ilé iṣẹ́ tó ń jáde ń gbé eruku wọ ṣọ́ọ̀bù, fáànù All-in-One sì kéré. Bí ẹ̀rọ bá ń gbóná, tó ń ké, tó sì ń pa ara rẹ̀, kí wọ́n tú u, kí wọ́n gbọn eruku rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìpara ooru tuntun sórí pírósẹ́sọ̀ kí wọ́n tó ra ohunkóhun. Bí aago rẹ̀ bá ń padà sí ọdún àtijọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tàn án, bátìrì CR2032 pẹlẹbẹ ló ti kú, kì í ṣe bọ́ọ̀dù.

Ìṣirò owó

Ìlànà tó yẹ fún ṣọ́ọ̀bù kékeré ni kí gbogbo owó àtúnṣe, tó fi mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnjiníà àti owó ọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà, má kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí wọ́n ń ta All-in-One ìran kẹjọ tó ṣì lágbára lọ́jọ́ náà. Ká ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ náírà 300,000. SSD jẹ́ 45,000, RAM jẹ́ 30,000, iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ 10,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 85,000, kò kọjá 100,000, nínú rẹ̀ sì ni 75,000 wà lórí ohun tó ṣeé yọ. Kí wọ́n ṣe é. Ká tún ní skírìnì rẹ̀ ti ní ìlà, tí wọ́n sì béèrè 90,000 lórí rẹ̀. Owó náà ti di 175,000, ó sì ti kọjá ààlà. Kí wọ́n dúró. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye yìí. Owó ọjọ́ náà ni kí wọ́n fi rọ́pò wọn, nítorí pé láti oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ni owó ohun èlò kọ̀ǹpútà ti ń bá dọ́là lọ sókè sódò.

Ẹ̀rọ mẹ́ta, ìdájọ́ mẹ́ta

Àkọ́kọ́ ni HP ProOne 400 G1 tó ń lo Intel ìran kẹrin, irú èyí tí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi máa tẹ ìwé èsì. Ihò SODIMM wà nínú rẹ̀, háàdì dísíkì rẹ̀ sì ṣeé yọ. Kò lè gba Windows 11 lọ́nà tí Microsoft fọwọ́ sí. Kí wọ́n fi SSD sí i, kí wọ́n gbé RAM dé 8 GB bó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí wọ́n sì gbé e sórí Linux Mint. Kí wọ́n má ná kọ́bọ̀ lé e ju ìyẹn lọ.

Èkejì ni Dell OptiPlex 7460 All-in-One. Ìran kẹjọ ni, DDR4 ló ń lò, ihò M.2 sì wà nínú rẹ̀. Lórí irú èyí, kí wọ́n fi NVMe sí i, kí wọ́n gbé RAM dé 16 GB, kí wọ́n gbọn eruku rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n sì fi Windows 11 sí i. Ilé ìtẹ̀wé lè fi í ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún síwájú sí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 7440 tó jẹ́ ìran kẹfà àti 7450 tó jẹ́ ìran keje, jọ ọ́ gan-an lójú, wọn kò sì wọ ẹgbẹ́ yìí. Kí ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ ka nọ́ńbà náà dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni iMac oní-ínṣì 21.5 ti ìparí 2015. RAM rẹ̀ kò ṣeé fi kún. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ skírìnì rẹ̀ mọ́ ara, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ dé ibi háàdì dísíkì gbọ́dọ̀ gé gọ́ọ̀mù náà, kó sì ní òmíràn láti fi lẹ̀ ẹ́ padà; ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n lè fọ́ gíláàsì. Monterey ni macOS tó gbẹ̀yìn tó ń gbà, Apple sì ti dáwọ́ ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ dúró. Ọ̀nà kan wà tí kò béèrè títú: kí wọ́n ra SSD ìta, kí wọ́n so ó mọ́ ihò USB 3, kí wọ́n gbé ètò sórí rẹ̀, kí iMac náà sì máa ti ibẹ̀ ṣí. Kì í yára tó ti inú, àmọ́ ó fi háàdì dísíkì àtijọ́ sílẹ̀ lókèèrè, SSD náà sì jẹ́ ti olówó rẹ̀ níbikíbi tó bá ń lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọwọ́ lára rẹ̀

Bí ìṣirò bá sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, SSD àti RAM tó ṣì dára ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ. Háàdì dísíkì àtijọ́ tó ṣì yè, wọ́n lè kó o sínú àpò USB kékeré, kí wọ́n sì máa fi í tọ́jú ẹ̀dà fáìlì. Kí wọ́n má fi í sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ tà. Format kíákíá kì í pa fáìlì rẹ́, ẹni tó bá mọ ọ̀nà lè gbé orúkọ ọmọ ilé ìwé, nọ́ńbà NIN àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù jáde padà. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2023, gbé ojúṣe lé ẹni tó gba ìsọfúnni àwọn ènìyàn pé kó dáàbò bò ó, bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kò sì yọ sílẹ̀.

Kí wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ihò HDMI kan wà tí wọ́n kọ IN sí. Bó bá wà, tí ohun tó ń darí skírìnì sì ṣì yè, wọ́n lè lo skírìnì náà fún láptọ́ọ̀pù tàbí kámẹ́rà ààbò. Ọ̀pọ̀ iMac tó jáde láti ìparí 2009 títí di àárín 2014 náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nípasẹ̀ Target Display Mode, bí wáyà tó yẹ àti Mac tó bá a mu bá wà. Ṣájà tó dára ṣeé tà lọ́tọ̀, ẹnjiníà sì máa ń ra bọ́ọ̀dù tó kú láti yọ nǹkan lára rẹ̀.

Èyí tó bá kù lẹ́yìn náà, kí wọ́n má sun ún, kí wọ́n má sì dà á sí ojú àgbàrá. Skírìnì ọjọ́ pípẹ́ kan ní mẹ́kúrì nínú gílóòbù tó ń tàn lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́ẹ̀dì sì wà nínú ohun tí wọ́n fi jó àwọn bọ́ọ̀dù àtijọ́ pọ̀. Láti 2011 ni òfin NESREA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Nàìjíríà, lórí ohun èlò oníná ti gbé ojúṣe gbígbà wọ́n padà lé àwọn tó ń ṣe wọ́n àti àwọn tó ń kó wọn wọlé lórí, nítorí náà ẹni tó ń ra ẹ̀rọ tuntun lọ́wọ́ olùtajà tó fìdí múlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bi í bóyá á gba ti àtijọ́.